Ẹ̀rọ alágbèéká èrò àti ìdílọ́wọ́ fún ẹ̀rọ bàálù

Ẹ̀rọ alágbèéká èrò ni fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká, rédíò, ẹ̀rọ géèmù àti gbogbo irú wọn tí èrò ń gbé wọ bàálù. Púpọ̀ nínú wọn ń tú ìgbì rédíò síta. Àwọn kan ń ṣe é nítorí pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, bíi fóònù àti Wi-Fi. Àwọn yòókù ń ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́, nítorí iná tó ń yí padà kíákíá nínú wọn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìbẹ̀rù ti wà pé ìgbì yìí lè dí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ẹ̀rọ atọ́nà bàálù lọ́wọ́.

Bí ìgbì ṣe ń dé ibi tí kò yẹ

Áńtẹ́nà tó wà lára bàálù níta ni bàálù fi ń gba àmì. Àmì VOR, tó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ ìhà tí òun wà sí ibùdó kan nílẹ̀, wà láàárín 108 sí 117.95 MHz. Apá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ náà ni ILS ti ń rán àmì tó ń fi àárín ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ han awakọ̀ nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀. Ọ̀rọ̀ láàárín awakọ̀ àti àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ ń gba 118 sí 137 MHz, GPS sì wà ní 1575.42 MHz. Kí àmì wọ̀nyí tó dé ara bàálù, ó ti rẹ̀ wọ́n gan-an, ti GPS ló sì burú jù. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá máa dí wọn lọ́wọ́ kò nílò agbára ńlá. Kí ìgbì rẹ̀ ṣáà ti bọ́ sí ibi tí bàálù ti ń tẹ́tí sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ìgbì ń gbà wọlé. Ó lè gba ojú fèrèsé tàbí etí ilẹ̀kùn jáde, kó wá tọ ara bàálù dé ìdí áńtẹ́nà. Alumíníọ̀mù ara bàálù ń dá ìgbì dúró, ṣùgbọ́n fèrèsé kì í dá a dúró, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan náà fi lè wà láàárín láìṣe nǹkan kan, kó sì dí nǹkan lọ́wọ́ bó bá dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀nà kejì ni wáyà: ìgbì lè gba ara rẹ̀ wọnú àpótí ẹ̀rọ láìkan áńtẹ́nà rárá.

Rédíò FM ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Kí rédíò tó lè yọ ohùn jáde, ó máa ń ṣe ìgbì tirẹ̀ nínú, èyí tó sábà máa ń fi 10.7 MHz ga ju ti ilé iṣẹ́ tí à ń gbọ́ lọ. Bí èrò bá ń gbọ́ ilé iṣẹ́ tó wà ní 101.3 MHz, ìgbì inú rédíò rẹ̀ yóò wà ní 112.0 MHz, ojú ìkànnì VOR gan-an. Rédíò tí a rò pé gbígbọ́ nìkan ló mọ̀ ti di olùránṣẹ́.

Ti fóònù GSM tún yàtọ̀. Ìgbì rẹ̀ ń jáde ní bíi ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára rẹ̀ sì lè dé wáàtì 2 bí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó ń wá bá jìnnà. Ariwo gígé-gígé tí sípíkà máa ń pa bí ìpè bá fẹ́ wọlé náà ni awakọ̀ lè gbọ́ nínú hẹ́dífóònù rẹ̀, bóyá lásìkò tí wọ́n ń fún un ní àṣẹ láti balẹ̀. Bí wọ́n bá gbé òpó kékeré kan sínú bàálù, ìgbì fóònù á dínkù ni, nítorí pé fóònù tí òpó wà nítòsí rẹ̀ kì í pariwo.

Òfin

Ní 1961 ni FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, fi òfin de rédíò FM alágbèéká. Nígbà tó yá, òfin náà gbòòrò dé orí ẹ̀rọ mìíràn, ṣùgbọ́n ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù, ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn èèyàn sábà máa ń da òfin fóònù pọ̀ mọ́ èyí. Ní 1991, FCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ka fóònù 800 MHz léèwọ̀ nínú bàálù tó ti gbéra, kì í sì í ṣe nítorí bàálù. Fóònù tó wà lókè ń rí òpó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè da iṣẹ́ gbogbo wọn rú.

Ní oṣù kẹwàá 2013, FAA gbà kí èrò máa lo ẹ̀rọ wọn láti ìgbéra títí dé ìbalẹ̀, bí ilé iṣẹ́ bàálù bá ti fi hàn pé bàálù òun lè fara dà á, kí fóònù sì wà ní airplane mode. EASA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù, tẹ̀ lé e lọ́dún náà, ó sì tún tú u sílẹ̀ sí i ní 2014. Ṣáínà náà gbà á láyè ní 2018. Ilé iṣẹ́ bàálù Emirates ti gba ìpè fóònù láyè láti 2008.

Ẹ̀rí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ṣòro. Púpọ̀ ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ ìròyìn àwọn awakọ̀: ẹ̀rọ kan ṣi ọ̀nà, wọ́n ní kí èrò pa ẹ̀rọ rẹ̀, nǹkan padà bọ̀ sípò. Ní 1995, wọ́n ròyìn pé kọ̀ǹpútà alágbèéká èrò kan ń mú kí ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ darí Boeing 737 já kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Boeing ra kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ èrò yẹn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ìgbì tó ń tú jáde ju ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ lọ. Wọ́n gbé òun àti bàálù kan náà fò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ẹ̀rọ wà, wáyà tó ti gbó tàbí ẹ̀rọ mìíràn tó wà nítòsí ló yí nǹkan padà. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ní oṣù kẹfà 2003, bàálù Piper kékeré kan já nítòsí Christchurch ní New Zealand nígbà tó fẹ́ balẹ̀, èèyàn 8 sì kú. Àwọn olùwádìí sọ pé fóònù awakọ̀ fúnra rẹ̀ lè ti ṣi ẹ̀rọ atọ́nà lọ́nà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé òun ló fa ìjàǹbá náà.

Ẹ̀rí tó dúró jù wá láti inú àyẹ̀wò: ní 2014, FAA pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ ojú ìwòran kan níwájú awakọ̀ nínú àwọn Boeing 737 àti 777 kan, nítorí ó ń ṣókùnkùn bí Wi-Fi bá sún mọ́ ọn nígbà ìdánwò.

Bátìrì

Ewu iná bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò kan ìgbì rédíò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ló ń fà á. Ní oṣù kẹwàá 2016 ni Amẹ́ríkà ka Samsung Galaxy Note 7 léèwọ̀ nínú bàálù. Bí fóònù bá já sí ìdí ìjókòó, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù máa ń kìlọ̀ pé kí èrò má ṣe sún ìjókòó láti wá a, nítorí irin abẹ́ rẹ̀ lè tẹ bátìrì fọ́, kó sì gbiná.