Mégas: ta ni ẹni ńlá nínú Májẹ̀mú Tuntun?

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Májẹ̀mú Tuntun ń lò fún "ńlá" ni mégas. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni. Òun ni Máàkù fi sọ bí òkúta ẹnu ibojì Jésù ṣe tóbi tó, òun náà ló lò ní orí kẹrin fún ìjì ńlá tó jà lórí adágún, fún ìdákẹ́rọ́rọ́ ńlá tó tẹ̀ lé e, àti fún ẹ̀rù ńlá tó ba àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Òun kan náà ni àwọn ará Éfésù fi pariwo yin Átẹ́mísì, òrìṣà wọn.

Tí a bá ń fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn, mégas á di meízōn, ìyẹn ẹni tó ju ẹnì kejì lọ. Ohun tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń bá ara wọn jiyàn lé lórí lọ́nà Kápánáúmù nìyẹn (Máàkù 9:34): ta ló ju ta lọ? Nígbà tí Jésù bi wọ́n, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni Lúùkù 22, nídìí oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, níbi tí àríyànjiyàn náà ti tún bẹ́ sílẹ̀. Jésù ní àwọn ọba orílẹ̀-èdè ń jẹ gàba lórí èèyàn, síbẹ̀ àwọn aláṣẹ ń gba orúkọ euergétēs, olóore. Oyè gidi ni láyé ìgbà náà. Ptolemy Kẹta, ọba Íjíbítì, ń jẹ́ Euergetes, àwọn ìlú Gíríìkì a sì máa gbẹ́ orúkọ àwọn olówó tó ṣe wọ́n lóore sára òkúta. Jésù ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ-ẹ̀yìn òun: kí ẹni tó jẹ́ meízōn dà bíi neṓteros.

Àbúrò ni neṓteros, ẹni tọ́jọ́ orí rẹ̀ kéré. Yorùbá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé dáadáa: òun ni à ń rán níṣẹ́, òun ló ń bu omi fún àgbà, òun ló ń palẹ̀ àwo mọ́. Nínú ìjọ àkọ́kọ́ náà, nígbà tí Ananíà ṣubú tó kú (Ìṣe 5:6), àwọn neṓteroi ló dìde, wọ́n wé òkú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sin.

Jésù kò bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wí pé wọ́n fẹ́ jẹ́ ńlá. Nínú Máàkù 10:43-44, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ di mégas di diákonos, ìránṣẹ́, wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe àkọ́kọ́ sì di doûlos, ẹrú, gbogbo èèyàn. Láti ara diákonos ni díákónì ti wá, èyí tó ti di oyè tí à ń jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ní Lúùkù 22:27, ọ̀rọ̀ tó bá a tan ni Jésù lò fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó wà nídìí tábìlì, ó sì ní bí òun ṣe wà láàárín wọn nìyẹn. Ó dùn mí pé a gbàgbé àwo oúnjẹ, oyè la dì mú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà, megalōsýnē, ọláńlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló jáde nínú Májẹ̀mú Tuntun (Hébérù 1:3 àti 8:1, Júúdà 25). Ọlọ́run ni wọ́n lò ó fún ní gbogbo rẹ̀. Wọn kò lò ó fún èèyàn kankan.