Bí Sítáǹpù Ogun Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ìwé Girama Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà

Àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì fẹ́ràn láti máa wí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ girama Kátólíìkì wà lára wọn, fi sẹ́ǹtì 10 tí kálukú ń mú wá ra ọkọ̀ jíìpù fún àwọn ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìpolówó ìjọba pàápàá sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ètò sítáǹpù ogun, tí ìjọba fi ń yá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ aráàlú, kò ṣiṣẹ́ báyẹn rárá.

Ẹni tí ó bá ti dá àjọ rí ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ti mọ ìdajì rẹ̀. Alájọ ní káàdì, ó ń gba owó, ó ń sàmì. Ní ilé-ìwé Kátólíìkì, àwọn sísítà tí ń kọ́ni ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ alájọ: ọmọ a mú sẹ́ǹtì 10 tàbí 25 wá, wọn a fún un ní sítáǹpù, òun náà a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé pélébé kan. Bí sítáǹpù sẹ́ǹtì 25 bá pé 75, ìwé kún nìyẹn. Owó inú rẹ̀ jẹ́ dọ́là 18.75, a sì lè fi pààrọ̀ bọ́ǹdì Series E, ìyẹn ìwé ẹ̀rí owó tí ìjọba yá, tí ìjọba ṣèlérí pé òun yóò fi dọ́là 25 san padà lẹ́yìn ọdún 10. Alájọ ọjà a máa mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Sísítà kò mú kọ́bọ̀. Àjọ a máa padà sọ́wọ́ olówó ní ìparí oṣù, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 tí ó gba bọ́ǹdì ní 1943 yóò ti di ẹni ọdún 25 kí èrè rẹ̀ tó pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba owó rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ 60 bí ó bá ní bùkátà. Ohun tí ó sì ń ba àwọn tí ń dá àjọ lẹ́rù ni pé kí alájọ má kó owó sá lọ. Alájọ tí owó ń dé ọwọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ìjọba fúnra rẹ̀, kò ní ibi tí yóò sá sí, àfi bí ó bá pàdánù ogun. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ìwé sítáǹpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ kí alájọ náà borí. Henry Morgenthau, tí ó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, mọ èyí dáadáa. Ó fẹ́ owó aráàlú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọkàn wọn pẹ̀lú.

Kí ni owó náà wá ṣe? Ní oṣù kejì ọdún 1942, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà dáwọ́ mọ́tò aráàlú dúró kí wọ́n lè máa ṣe ohun èlò ogun. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, ṣúgà ti di ohun tí wọ́n ń wọ̀n fún ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ pọ̀, owó ń wọlé, kò sì sí ọjà tí ó tó owó náà rà. Bí a bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, yóò gbé iye ọjà sókè ni. Jíìpù ní tirẹ̀, irin àti òṣìṣẹ́ ni ó nílò jù. Bí ọmọ kankan kò tilẹ̀ ra sítáǹpù, ìjọba yóò ṣe jíìpù rẹ̀. Iṣẹ́ tí sẹ́ǹtì 10 ọmọ náà ṣe ni pé ọmọ náà kò ná an. Kí ètò bọ́ǹdì tó parí, nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 185 ti wọlé, àwọn tí wọ́n rà á sì lé ní mílíọ̀nù 80; ìpín àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fawọ́ sẹ́yìn níbi ìnáwó ti wọ ilé wọn.

Ibi tí ọgbọ́n ètò náà ti hàn jù ni àsíà. Lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Schools at War, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1942, ilé-ìwé tí ìdá 90 nínú 100 àwọn ọmọ rẹ̀ bá ra sítáǹpù tàbí bọ́ǹdì láàárín oṣù ní ẹ̀tọ́ láti ta àsíà Minute Man, tí àwòrán àgbẹ̀ tí ó gbé ìbọn nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà wà lára rẹ̀. Orí ènìyàn ni wọ́n ń kà, wọn kò ka iye owó. Sítáǹpù kan ṣoṣo tí ọmọ alágbàṣe rà àti bọ́ǹdì ńlá tí ọmọ dókítà rà, ọ̀kan ni wọ́n lójú àsíà. Èyí bá ilé-ìwé Kátólíìkì mu gan-an, nítorí pé owó ilé-ìwé àti ọrẹ ìjọ ni ó ń gbé púpọ̀ nínú wọn ró, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ sì jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ tí ìdílé wọn ti Ireland, Ítálì tàbí Poland wá. Ìfura sí àwọn Kátólíìkì kò tíì tán nílẹ̀: ní 1928, nígbà tí Al Smith, tí ó jẹ́ Kátólíìkì, du ipò ààrẹ, wọ́n lo ẹ̀sìn rẹ̀ ta kò ó. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti Ítálì wá, tí Amẹ́ríkà sì ń bá Ítálì jà, rí ohun kan nínú àsíà yẹn tí aládùúgbò kò lè jiyàn rẹ̀.

Wọ́n kó irin àlòkù àti bébà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò nílò àlàyé púpọ̀. Èyí tí ó yẹ kí ará Ọ̀yọ́ gbọ́ ni ti òwú àràbà. Java ni Amẹ́ríkà ti ń rí òwú yìí rà fún ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sínú omi, Japan sì gba Java ní 1942. Ní 1944, wọ́n rán àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde láti lọ já èso tí òwú inú rẹ̀ yóò rọ́pò ti àràbà, èso milkweed, ewéko kan tí ó bá bọmubọmu tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà tan. Àpò méjì tó fún ẹ̀wù kan. Bákan náà, nígbà tí Japan gba Malaya, níbi tí epo ọ̀pẹ ti ń wá, ní ọdún 1942 kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹnu mọ́ èkùrọ́ lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ìjọba. Àwọn ọmọ Kátólíìkì a máa kó àdúrà jọ fún àwọn ọmọ ogun: Mísà mélòó ni wọ́n lọ, Rosárì mélòó ni wọ́n kà, ìgbà mélòó ni wọ́n gba Ara Olúwa, wọn a sì kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì ránṣẹ́ sí ọmọ ogun tàbí ìdílé rẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò kan náà ni pẹ̀lú sítáǹpù, ó sì jọ pé ìdí nìyí tí sítáǹpù kò fi ṣàjèjì sí wọn: wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi díẹ̀díẹ̀ kó nǹkan jọ fún ẹlòmíràn kí ogun tó dé.

Àléébù ètò náà wà nínú àsíà yẹn kan náà. Àwọn kan nínú ìjọba fẹ́ kí wọ́n fi òfin múni pa owó mọ́. Morgenthau kọ̀, ó ní kí ó jẹ́ àtinúwá. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì tí ó ní ọmọ 30, bí ọmọ mẹ́rin kò bá rí sẹ́ǹtì 10 mú wá, kíláàsì náà kò dé ìdá 90 mọ́, gbogbo ẹgbẹ́ wọn yóò sì mọ àwọn mẹ́rin náà. Ètò tí ó bo iye owó tí ọmọ olówó mú wá mọ́lẹ̀ kò bo ọmọ tí kò ní nǹkan kan mú wá.