Alẹ́ méjì, pápá méjì: bí ikọ̀ sprint car ṣe ń lo òpin ọ̀sẹ̀

Ní àárín ìpínlẹ̀ Pennsylvania l'Amẹ́ríkà, Williams Grove ló ni alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Lincoln ló ni alẹ́ Sátidé. Amọ̀ ni wọ́n fi tẹ́ pápá eré ọkọ̀ méjèèjì, wọn ò sì jìnnà síra. Ohun tó le fún ikọ̀ tó bá fẹ́ sáré ní méjèèjì ni òru àti òwúrọ̀ tó wà láàárín wọn.

Sprint car, ìyẹn ọkọ̀ eré kékeré tí wọ́n ń fi sáré lórí pápá amọ̀, kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin títì. Kò ní bátìrì, kò ní sítátà, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ mìíràn ló ń tì í lẹ́yìn kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dáhùn. Bó bá sì ti dáhùn, nǹkan bí agbára ẹṣin 900 ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé tòun ti awakọ̀, nǹkan bí 650 kílò ni, ìyẹn bí ìdajì Corolla. Inú tírélà ló ń gbé rìnrìn àjò. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sì ni tírélà ọ̀hún: táyà tí wọ́n ti wọ̀ sí rímù, ìyẹ́, áàsùlù, ṣọ́ọ̀kì, dúrọ́ọ̀mù epo methanol, àti ẹ́ńjìnnì kejì fún ikọ̀ tí apá rẹ̀ bá ká a.

Bí wọ́n bá dé pápá, ọkọ̀ á kọ́kọ́ yí díẹ̀ kó lè gbóná, lẹ́yìn náà ni eré kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣa àwọn tó máa bọ́ sí eré ńlá. Ẹni tí kò bá rọ́wọ́ mú níbẹ̀ ṣì ní àǹfààní kan sí i. Lálẹ́ tí World of Outlaws bá wá, ìyẹn ìdíje sprint car tó ti ń káàkiri orílẹ̀-èdè náà láti 1978, wọ́n á tún fi aago wọn eré olúkúlùkù. Eré ńlá fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá dojú dé, kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Pápá amọ̀ kì í dúró sójú kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ṣì tutù, táyà á máa dì í mú. Bí alẹ́ bá ń lọ, á gbẹ, á máa yọ̀. Ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà, ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún fi tóbi ju ti òsì lọ: ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ sí òsì. Kí eré ńlá tó bẹ̀rẹ̀, olórí mẹkáníìkì á rìn lọ wo ilẹ̀, yóò sì pinnu bí táyà ṣe máa le tó àti bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ìyẹ́ ńlá orí ọkọ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní gígùn, márùn-ún ní fífẹ̀, ló ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Awakọ̀ lè sún un sẹ́yìn láti orí ìjókòó bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ.

Lójú tèmi, ìgbà tí àwọn òǹwòran bá ń lọ sílé ni eré Sátidé bẹ̀rẹ̀. Ẹrẹ̀ ti bo ọkọ̀ látòkè délẹ̀, bí wọn ò bá sì fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa rí irin tó sán. Wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á tú u, wọ́n á sì yẹ bóòtù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ irin, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣan ojú ọ̀nà epo mọ́. Ó tún máa ń jò wọnú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn náà ni jíà. Òbírí Williams Grove tó ìdajì máìlì, ìyẹn nǹkan bí 800 mítà. Ti Lincoln kúrú sí i, kò ju nǹkan bí 600 mítà lọ. Jíà tó bá àkọ́kọ́ mu á mú ọkọ̀ lọ́ra nígbà tó bá ń jáde nínú kọ́nà ní ìkejì, nítorí náà wọ́n á ṣí ìdérí ẹ̀yìn áàsùlù, wọ́n á sì pààrọ̀ jíà méjì tó wà níbẹ̀.

Ìrìn àjò gidi wà o. Knoxville ní Iowa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Knoxville Nationals láti 1961, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 máìlì sí Pennsylvania. Lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á máa wakọ̀, ẹnì kejì á máa sùn. Òjò ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀: bó bá rọ̀ tí amọ̀ kún, wọ́n á fagi lé eré, owó epo àti ti òtẹ́ẹ̀lì á sì ti lọ.

Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn tírélà lóru Sátidé, olórí mẹkáníìkì á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: afẹ́fẹ́ táyà, jíà, ibi tí ìyẹ́ wà, bí ilẹ̀ ṣe gbẹ tó àti ìgbà tó gbẹ. Bí wọ́n bá tún padà dé Williams Grove lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí.