RAID 1 kì í ṣe backup (ẹ̀dà fáìlì tẹ́ ẹ tọ́jú síbòmíì) o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín

Ẹni tó bá fẹ́ ra NAS (àpótí tí wọ́n ń ki dísìkì bọ̀, tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé lè máa tọ́jú fáìlì sí) sílé báyìí, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé "èyí tó ń gba háàdì dísìkì méjì ni mo máa rà, mo máa ṣe RAID 1 sí i, fáìlì mi ò lè sọnù láéláé." Hẹn, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Gbogbo iṣẹ́ RAID 1 ò ju pé kó kọ nǹkan kan náà sórí dísìkì méjèèjì lọ, ìdí nìyẹn tí 4TB méjì fi máa ń di àyè 4TB péré. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa báṣẹ́ lọ, ẹ ó yọ èyí tó kú, ẹ ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Ó dáa, mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Àmọ́ ká ní ọmọdé kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ló bá pa fódà fọ́tò ìgbéyàwó yín rẹ́ ńkọ́? Lójú ẹsẹ̀ náà ló máa rẹ́ lórí dísìkì kejì, torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an nìyẹn. Olè tó bá sì gbé àpótí yẹn, dísìkì méjèèjì ló gbé lọ.

Ní April 2021, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Qlocker wọ NAS tí ilé iṣẹ́ QNAP ṣe tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó fi 7-Zip (ètò tó ń di fáìlì pọ̀) ti fáìlì wọn pa, ó fi password sí i, ó ní kí wọ́n wá sanwó. RAID ò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀, dísìkì ṣáà le koko.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń yan NAS, ẹ má kó gbogbo owó lé ihò dísìkì àti prósẹ́sọ̀ lórí (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gigabit ò tiẹ̀ lè gbé ju bíi 110MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dísìkì kan ṣoṣo á sì kún un). Ẹ bèèrè bóyá ó ń ṣe snapshot, kẹ́ ẹ lè dá fódà padà sí bó ṣe wà lánàá, àti ọdún mélòó ni wọ́n á fi máa gbé update jáde fún un. Kẹ́ ẹ wá fowó tó kù ra dísìkì USB kan tí NAS á máa kọ fáìlì sí, tó bá ti kọ ọ́ tán ẹ yọ ọ́, torí èyí tó bá wà lára ẹ̀ títí, fáírọ́ọ̀sì bíi Qlocker lè dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ilé ẹlòmíì.