Ǹjẹ́ Èèyàn 400 Lè Gbẹnu Sọ fún Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́?

Bí ìgbà kajú bá dé, tí ọkọ̀ ń kó àpò láti abà Oríire àti Sùúrùlérè wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó fẹ́ ra ọjà kì í la gbogbo hóró wò. Bó bá là wọ́n tán, kí ló kù tí yóò gbé lọ? Ṣe ló ń bu díẹ̀díẹ̀ nínú àpò púpọ̀, látòkè, láàárín, látìsàlẹ̀. Yóò da gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò pò ó dáadáa, kó tó wọn kílò kan jáde, nǹkan bí 200 hóró. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì: èyí tó funfun tó kún lọ́tọ̀, èyí tó lábàwọ́n lọ́tọ̀, èyí tí kò gbó, èyí tó ti bu, èyí tó ṣófo. Kílò kan yìí ni wọ́n fi ń dá iye lé odindi ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jà pé kílò kan kéré. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí ẹni tó ń tà ní àpò méjì tó wà níwájú nìkan ni kí wọ́n bù.

Bí ìwádìí nípa èèyàn ṣe rí náà nìyẹn. Ká ní ẹnì kan fẹ́ mọ iye ilé tó ń rí omi ẹ̀rọ lò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò lè kan gbogbo ilẹ̀kùn, nítorí náà yóò yan díẹ̀, yóò bi wọ́n, yóò sì fi ìdáhùn wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò bi. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ló láǹfààní kí wọ́n mú un, ta ni kò sì lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́ rárá? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ iye ń bọ̀.

Iye gan-an kò le tó bí wọ́n ṣe ń rò ó. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ṣẹ́ gègé, tí olúkúlùkù ní àǹfààní kan náà, èsì èèyàn 100 lè fi nǹkan bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín sí òótọ́. Èèyàn 400 á sọ ọ́ di 5, 1,000 á sọ ọ́ di 3, ó sì di 10,000 kó tó di 1. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí nígbà 19 nínú 20. Títóbi ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ìṣirò Taro Yamane, tí wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n bi, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì mọ̀ bí ẹní mowó, fi èyí hàn. Tí a bá gba àṣìṣe 5 nínú ọgọ́rùn-ún láyè, fún ìlú ẹlẹ́ni 10,000, yóò ní ká mú 385. Fún 100,000, 398. Fún mílíọ̀nù kan, 400.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé ìṣirò yìí sọ iye, kò sọ ta ni. Ó ti gbà pé gègé ni wọ́n ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba 400 nínú rẹ̀, tó wá pín ìwé ìbéèrè fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní Under-G, àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, fún àwọn ọ̀rẹ́ orí WhatsApp, àti fún ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì, kò tíì ní 400 tí Yamane ń wí. Ohun tó rí lè wúlò o. Ó lè jẹ́ ká mọ bí àwọn ọ̀dọ́ àyíká yẹn ṣe ń rí omi. Àmọ́ tó bá kọ “àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́” sí èèpo ìwé rẹ̀, ó ti ń jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an.

Bí yíyàn bá sì ti wọ́, pípọ̀ kò lè tọ́ ọ. Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìdìbò àfidánwò ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 10 èèyàn, àwọn tó dá a padà sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n ní Alf Landon ni yóò di ààrẹ. Franklin Roosevelt ló wọlé, pẹ̀lú nǹkan bí 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn onímọ́tò ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ, lásìkò tí owó wọ́n gógó. Mélòó ni tálákà níbẹ̀? Àwọn tí kò dáhùn pàápàá kò rí bí àwọn tó dáhùn. George Gallup, olùwádìí èrò ará ìlú, tí iye èèyàn tó bi kéré jọjọ sí tiwọn, ní Roosevelt ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Nílẹ̀ wa níbí, tẹlifóònù nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ wo agbo-ilé. Bí wọ́n bá bi èèyàn mẹ́wàá nínú agbo-ilé kan tí gbogbo wọn ń fa omi nínú kànga kan ṣoṣo, ìdáhùn kan ni wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ilé 400 tí wọ́n mú nínú agbo-ilé 10 kò lágbára tó 400 tí wọ́n mú nínú agbo-ilé 200. Ẹ tún wo aago. Ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn ní Òkè Ẹlẹ́rìn ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà àti abiyamọ ni yóò bá. Oníṣòwò ti lọ sọ́jà, àgbẹ̀ ti lọ sóko. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìlú ló kọ́lé sí, abà ló ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀.

NDHS ti ọdún 2018, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, jẹ́ ká rí bí wọ́n ṣe ń sá fún èyí. Orí àwọn àdúgbò kéékèèké tí wọ́n pín Nàìjíríà sí fún ìkànìyàn ọdún 2006 ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣẹ́ gègé, wọ́n mú 1,400. Wọ́n lọ kọ àwọn ilé ibẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun, nítorí ibi tó jẹ́ igbó nígbà yẹn lè ti di ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣẹ́ gègé mú ilé 30 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọn kò bá bá onílé, wọn kò gbọdọ̀ yà sí ilé kejì láti fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á padà wá ni.

Àìbá-onílé yìí ló yẹ kí òǹkàwé ṣọ́ jù. Ká ní wọ́n ṣẹ́ gègé mú ilé 400, 240 dáhùn, 144 nínú wọn ní àwọn ń rí omi ẹ̀rọ. Ìròyìn á gbé e pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń rí omi. Ṣùgbọ́n ilé 160 wà tí wọn kò gbọ́ tẹnu wọn. Bí gbogbo wọn kò bá ní omi, 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò jẹ́. Bí gbogbo wọn bá ní, 76 ni. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tí kò lómi nílé, tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí kànga àdúgbò kejì, gan-an ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì nígbà tí olùwádìí dé.