Ṣé “cat” ló bí “cattle”? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ ológbò àti màlúù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í pẹ́ kó tó pàdé ọ̀rọ̀ méjì yìí, “cat” àti “cattle”. Ológbò ni ọ̀kan, màlúù ni èkejì, síbẹ̀ lẹ́tà mẹ́ta kan náà ló bẹ̀rẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í parí síbẹ̀.

Ṣé inú “cat” ni “cattle” ti jáde?

Rárá o. Wọn ò bá ara wọn tan níbì kankan. “Cat” ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ayé àtijọ́. “Catt” ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, ó sì bá “cattus” tí àwọn tó ń sọ Látìnì ń pe ológbò mu. Ẹranko kan náà ló ń tọ́ka sí láti ọjọ́ náà títí dòní.

“Cattle” kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ ẹranko nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ohun ìní ló túmọ̀ sí. Gbòǹgbò rẹ̀ ni “caput”, ìyẹn “orí” lédè Látìnì, ara “caput” yìí ni wọ́n sì ti rí “capitale”, tí wọ́n ń lò fún ọrọ̀ tàbí dúkìá ẹni. Àwọn ará Normandy, tí Faransé ni èdè wọn, gé e kúrú di “catel”, wọ́n sì gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. “Chatel” ni àwọn Faransé agbègbè Paris ń pe ohun kan náà. Òun náà wọlé ní tirẹ̀, ó di “chattel”, tí àwọn lọ́yà ṣì ń lò fún dúkìá tó ṣeé gbé kúrò lójú kan, yàtọ̀ sí ilẹ̀ àti ilé. “Capital”, owó tí èèyàn fi ń dá òwò sílẹ̀, tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ọmọ baba kan náà ni “cattle”, “chattel” àti “capital”. Ológbò ò sí nínú agboolé náà.

Báwo wá ni dúkìá ṣe di màlúù?

Láyé ìgbà náà, ẹran ọ̀sìn ló pọ̀ jù nínú ọrọ̀ tí èèyàn lè dà láti ibì kan lọ síbòmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ náà ń dín kù: dúkìá gbogbo ni lákọ̀ọ́kọ́, ó di ẹran ọ̀sìn gbogbo, kó tó wá dúró lórí màlúù nìkan. Ẹ lè fi ojú ara yín rí ti àárín yẹn nínú Bíbélì King James tí wọ́n tẹ̀ ní 1611. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 30:32, Jákọ́bù ń bá Lábánì ṣàdéhùn owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun máa yọ gbogbo “brown cattle among the sheep” sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi etí òde òní gbọ́ ọ yóò rò pé màlúù ń jẹ̀ láàárín àgùntàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgùntàn náà gan-an ni “cattle” níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ló fi ẹran ṣe owó. “Pecus” ni ẹran ọ̀sìn lédè Látìnì, òun ló bí “pecunia”, owó, tó fi di “pecuniary” tí wọ́n ń lò fún ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ owó. Ní tèmi, “fellow” ló dùn jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Norway àti Denmark àtijọ́ ló ti wá. “Fé” lédè wọn jẹ́ ẹran ọ̀sìn, ó tún jẹ́ owó. “Félagi” sì ni ẹni tó bá ẹlòmíràn da owó pọ̀ láti ṣòwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń pè ní “fellow” ní yunifásítì lónìí, ẹran wà nídìí oyè rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í sọ “one cattle”?

“Cattle” ò ní ẹyọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jẹ́ lónìí: “the cattle are” là ń sọ, “the cattle is” ò tọ̀nà, “cattles” ò sì sí. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n á fi “head” sí i, bíi “fifty head of cattle”, láìfi “s” sídìí “head”. Ó ṣe kòńgẹ́ pé “orí” ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, orí náà la tún fi ń kà á. Tó bá wá jẹ́ ẹyọ kan péré, tí a ò sì mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kankan fún un. “Cow” ni ọ̀pọ̀ èèyàn á pè é. Darandaran tó bá gbọ́ ọ á kàn rẹ́rìn-ín sínú ni, nítorí abo ni “cow”.

Cow, heifer, bull, steer, bullock, ox: èwo ni èwo?

Ibí ni wàhálà wà. Yorùbá á ní akọ màlúù, abo màlúù, ọmọ màlúù, ọ̀rọ̀ parí. Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé ó ti bímọ, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

“Calf” ni ọmọ màlúù, ì báà ṣe akọ tàbí abo, títí dé nǹkan bí ọdún kan. Abo tó ti ń dàgbà àmọ́ tí kò tíì bímọ ni “heifer”. Ọjọ́ tó bá bímọ ló di “cow”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń pè é ní “first-calf heifer” lẹ́yìn ìbí àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe fáàrí. Màlúù tí kò bá tíì bímọ ò ní wàrà, nítorí náà ẹni tó ra “heifer” lónìí tó ń retí wàrà lọ́la ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Nínú àwọn akọ, “bull” ni èyí tí nǹkan rẹ̀ pé, tí wọ́n fi ń gun abo. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré, tí wọ́n ń bọ́ fún ẹran jíjẹ, ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní “steer”. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń pè é ní “bullock”. Ẹ ṣọ́ra fún “bullock” yìí. “Bulluc” ayé àtijọ́ jẹ́ ọ̀dọ́ akọ màlúù tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá, ìtumọ̀ àtijọ́ yìí ló sì wà nínú Bíbélì King James níbi tí wọ́n ti ń fi “bullock” rúbọ nínú Léfítíkù. Tí èèyàn bá fún un ní ìtumọ̀ òde òní, ìwé náà á máa ta ko ara rẹ̀, torí Léfítíkù 22:24 kọ ẹran tí wọ́n ti tẹ kóró rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gé e.

“Ox” ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ iṣẹ́. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá tó ti dàgbà tán, tí wọ́n ti kọ́ láti máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù tàbí ohun ìtúlẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. “Steer” tó bá pẹ́ láyé tó sì rí iṣẹ́ lè di “ox”. “Oxen” ni wọ́n bá pọ̀, kì í ṣe “oxes”.

Ọ̀kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìyá wọn gan-an ò gbọ́ rí: “freemartin”. Bí màlúù bá bí ìbejì, akọ kan àti abo kan, abo náà sábà máa ń yàgàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti pàdé nínú oyún, omi ara akọ sì ti ba ilé ọmọ abo jẹ́. Abo yẹn ni “freemartin”.

“Kine” ń kọ́?

Ọ̀pọ̀ “cow” ni látijọ́. Àwọn màlúù méje tó sanra nínú àlá Fáráò, “kine” ni King James pè wọ́n. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí “cow” àti “kine” jọ ní. Kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, àyàfi akéwì.

Kí nìdí tí ẹran màlúù fi ń jẹ́ “beef”, tí kò jẹ́ “cow”?

Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé di èdè àwọn ìjòyè. Lọ́dọ̀ wọn ni “boef” ti wá di “beef”, tí orúkọ ọmọ màlúù lẹ́nu wọn sì di “veal”, ẹran ọmọ màlúù. Àlàyé táwọn èèyàn fẹ́ràn ni pé tálákà ló ń da ẹran, ìjòyè ló ń jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹran ààyè fi ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ti inú àwo sì ń jẹ́ orúkọ Faransé. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi iyọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe màlúù tó wà láàyè gan-an ní “beef”, “beeves” sì ni bí wọ́n bá pọ̀.

Ṣé ológbò náà ní akọ àti abo tirẹ̀?

Ó ní. “Tom” ni akọ, “queen” ni abo tí wọn ò tíì gé ilé ọmọ rẹ̀, “kitten” ni ọmọ. “Ram-cat” ni wọ́n ń pe akọ tẹ́lẹ̀. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1760, tí akọ ológbò inú rẹ̀ ń jẹ́ Tom, ló jẹ́ kí orúkọ náà mọ́ gbogbo akọ lára. “Queening” ni wọ́n ń pe ìbímọ ológbò.

“Tabby” kì í ṣe ẹ̀yà ológbò bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ìlà ara rẹ̀ ló ń sọ. Àdúgbò Attabiy ní Baghdad, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ṣẹ́dà onílà, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. “Calico” náà jẹ́ orúkọ aṣọ, láti ìlú Calicut ní Íńdíà. Ológbò tí àwọ̀ funfun, dúdú àti ti ọsàn bá pàdé lára rẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo irú ológbò bẹ́ẹ̀ dáadáa, abo ló máa ń jẹ́. Orí chromosome X, ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó ń gbé àbùdá, ni àwọ̀ ọsàn wà, X méjì ni ẹranko nílò kí dúdú àti ọsàn tó lè jọ yọ lára rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni akọ ní. Akọ tó bá ní àwọ̀ náà ṣọ̀wọ́n, ó sábà máa ń ní X lé, kì í sì í lè bímọ.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti fi “cat” bẹ̀rẹ̀, ṣé ológbò wà níbẹ̀?

Nígbà mìíràn. “Catfish”, ẹja àrọ̀, gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ológbò nítorí irun imú tó dà bíi ti ológbò. Kòkòrò onírun tó máa ń di labalábá, “caterpillar”, ó jọ pé inú ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí “ológbò onírun” ló ti wá. “Cat's eye” ni Percy Shaw ará Yorkshire pe gíláàsì kékeré tó ń tàn bí iná mọ́tò bá bà á lójú títì, ó gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1934. Ní ti “catgut”, okùn violin, ìfun àgùntàn tàbí ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ológbò nínú “catalogue”, “category” àti “catastrophe” rárá, “kata” àwọn Gíríìkì, tó lè túmọ̀ sí “sísàlẹ̀”, ló wà níbẹ̀.

“Coward” ń kọ́? Ṣé ojo màlúù ni?

Ìrù ni. “Coe” ni ìrù nínú Faransé àtijọ́. Bóyá ẹranko tó ki ìrù bọ itan ni wọ́n ń rò, bóyá èyí tó yí ìdí padà. “To cow someone”, láti dẹ́rù ba èèyàn, náà ò ní màlúù nínú.

Níbo wá ni màlúù sá pamọ́ sí?

Nínú “vaccine”. “Vacca” ni abo màlúù lédè Látìnì. Ní May 14, 1796, dókítà Edward Jenner mú omi egbò lára ọwọ́ Sarah Nelmes, obìnrin kan tó ń fún wàrà, tó ti kó “cowpox”, àrùn màlúù tó jọ ìgbóná àmọ́ tí kò le tó o, lára màlúù kan tó ń jẹ́ Blossom. Ó fi sára ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, James Phipps. Nígbà tó tún fi omi egbò ìgbóná (“smallpox”) gangan sí ọmọ náà lára lẹ́yìn náà, kò mú un. “Vaccine”, abẹ́rẹ́ àjẹsára gbogbo, ló gba orúkọ rẹ̀ lára màlúù.

Àwọn àkànlò èdè ń kọ́?

Díẹ̀ tó wúlò: “fat cat” ni olówó ńlá tí wọ́n ń fi ojú búburú wò, “cash cow” ni òwò tó ń mówó wọlé ṣáá, “sacred cow” ni ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹnu bà, “let the cat out of the bag” ni kí èèyàn tú àṣírí. Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan “till the cows come home”, ó lè ṣe é títí láé, kò ní yọrí sí nǹkan kan. Ní ti “it's raining cats and dogs” tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn, àwọn tó ń kọ́ èdè náà ń lò ó ju àwọn tó ni ín lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ gidi, “it's pouring” ni kí ẹ sọ.