Bayt al-Suhaymi

Bayt al-Suhaymi jẹ́ ilé ńlá àtijọ́ kan ní àdúgbò Gamaliya, nílùú Kàírò, olú-ìlú Ẹ́gíptì. Ọ̀nà tóóró Darb al-Asfar, tó yà láti òpópónà al-Mu'izz, ló wà. Láyé ìjọba Ọ́tómánì ni wọ́n kọ́ ọ. Lónìí, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni.

Abdel Wahab al-Tablawi ló kọ́ apá tó pẹ́ jù níbẹ̀, ní 1648. Ní 1796, wọ́n tún kọ́ kún un. Síbẹ̀, orúkọ ìdílé àwọn ààfáà al-Suhaymi tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn ló mọ́ ilé náà lórí. Ọwọ́ ìdílé yìí ni ìjọba ti rà á lẹ́yìn ikú Sheikh Amin al-Suhaymi ní 1928.

Ẹni tó bá wọlé kò lè rí àgbàlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ọ̀nà àbáwọlé ṣẹ́ kọ́nà kí ojú ará ìta má baà dé inú ilé. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò ọkùnrin. Òkè ni ti àwọn obìnrin àti ẹbí. Fèrèsé òkè ni wọ́n ń pè ní mashrabiya: igi kéékèèké tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì to wọnú ara wọn. Ẹni tó wà nínú ń rí ìta, ará ìta ò rí i. Wọ́n a tún máa gbé ìkòkò omi síbẹ̀ kí atẹ́gùn lè mú un tutù, bíi ti amù nílé wa.

Bí wọ́n ṣe kojú ooru ló yani lẹ́nu jù. Àgbàlá iwájú ní òjìji; ọgbà ẹ̀yìn fẹ̀, oòrùn sì ń pa á gan-an. Ààrin méjèèjì ni takhtabush wà, ìyẹn ibi ìjókòó tó ní òrùlé, tó ṣí sí àgbàlá, tí àwọ̀n onígi sì yà á kúrò lára ọgbà. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ti ń gòkè nínú ọgbà, ó ń fa èyí tó tutù láti àgbàlá kọjá lára àwọn tó jókòó síbẹ̀, láìsí fáànù kankan. Hassan Fathy, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé ọmọ Ẹ́gíptì, fi ilé yìí ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó ń ṣàlàyé ọgbọ́n náà. Ẹ̀yìnkùlé tún ní ọlọ àti àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1992 ba ilé púpọ̀ jẹ́ ní Kàírò. Ní 1994, iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ lórí Bayt al-Suhaymi, ó sì kan àwọn ilé tó múlé gbè é àti Darb al-Asfar fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìran wíwò, wọ́n ń kọrin ìbílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣeré aragoz, eré ọmọlangidi tí UNESCO kà mọ́ àṣà tó nílò ìdáàbòbò kíákíá ní 2018.